Òwú àti Ọ̀dà Létí Ọya: Iṣẹ́ Àwọn Ọlọ́kọ̀ ní Èbúté Jẹ́bà

Òwú ni bàbá náà ń tì bọ àárín pákó méjì nígbà tí mo dé etí odò. Ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ lọ́ òwú náà títí ó fi dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti rì í bọ inú ọ̀dà dúdú tó ń hó nínú garawa lórí iná, ó sì ń fi irin pẹlẹbẹ kan àti òòlù onígi tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, láti orí ọkọ̀ lọ sí ìdí rẹ̀, bí ìgbà tí aránṣọ bá ń ran ìṣẹ́tí. Níbi tí ó bá ti parí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á mú páànù tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ lára agolo, á fi bo ojú òwú náà, á sì kan ìṣó wẹ́wẹ́ sí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọn ìṣó náà sì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kò lè wọ àárín wọn. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì béèrè ní Yorùbá tí ohùn Tápà wà nínú rẹ̀ pé, "Ṣé kì í ṣe ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja nìyí?" Mo ní èmi ni, bàbá. Wọ́n ní kí n dìde, kí n wá ibi òjìji jókòó sí, nítorí pé iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe yìí kò ṣeé dá dúró lágbede méjì: bí ọ̀dà bá tutù, òwú kò ní mú.

Ìyá mi ni Ìyá Ẹlẹ́ja tí wọ́n ń sọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí màmá fi ra ẹja létí omi yìí lọ́wọ́ àwọn apẹja Tápà, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn èrò ọkọ̀ tó bá dúró ní Jẹ́bà. Bàbá mi ní tiwọn jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Abuja ni èmi ń gbé báyìí, ní Kubwa, níbi tí àwa Yorùbá ti pọ̀ dáadáa, bí mo bá sì sọ fún àwọn ará ìjọ wa níbẹ̀ pé ọmọ Jẹ́bà ni mí, èsì tí wọ́n máa ń fún mi ni, "Háà, ìlú rélùwéè!" Àwọn mìíràn á ní, "Níbi dáàmù." Kò tíì sí ẹnì kan tó sọ fún mi rí pé, "Ìlú ọlọ́kọ̀ ojú omi." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí Jẹ́bà jẹ́ nìyẹn kí ojú irin tó dé, ohun náà ló sì jẹ́ títí di òní olónìí fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti ojú títì dé etí omi. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé mo ti ń rí i tí ìmọ̀ èbúté wa ń bá àwọn àgbà lọ sí sàréè lọ́kọ̀ọ̀kan, a kò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Odò tí ìwé ilé-ìwé ń pè ní Niger ni àwa ń pè ní Ọya. Àwọn Tápà ń pè é ní Edu, àwọn Hausa ń pè é ní Kwara, níbẹ̀ sì ni ìpínlẹ̀ wa ti rí orúkọ tirẹ̀. Ó tó kìlómítà 4,180 láti orísun rẹ̀ lórí àwọn òkè Guinea títí dé ibi tó ti ń wọ inú òkun. Nígbà tó bá dé Jẹ́bà, ó máa ń là sí méjì, á yí erékùṣù kan ká, á sì tún pa pọ̀. Etí kan jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Kwara, èkejì jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Niger. Nítòsí ìlú ni òkúta gàgàrà kan tí àwọn Tápà ń pè ní Ketsa ti yọ orí láti inú omi, tí àwọn ará àtijọ́ ń bọ. Òkúta pọ̀ nínú omi náà ju èyí tí ojú ń rí lọ, èyí tí ojú kò sì rí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọlọ́kọ̀.

Kí dáàmù tó dé, omi méjì ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń retí lọ́dọọdún. Omi funfun ló ń kọ́kọ́ dé. Òjò tó rọ̀ sí ilẹ̀ Hausa ló ń bí i. Ó máa ń gbé ẹrẹ̀ wá, àwọ̀ rẹ̀ a dà bí ti omi ògì, á sì kún dé góńgó ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi dúdú yóò dé. Òjò Guinea ni ti ìyẹn. Ó ti rin ìrìn oṣù púpọ̀, ó ti tàn káàkiri àwọn àbàtà gbòòrò tó wà ní Mali, ó ti fi gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà mímọ́ ló ń mọ́ nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, jíjìn rẹ̀ sì ni ojú ń rí bí dúdú. Inú ọyẹ́ ló máa ń dé. Màmá rí i nígbà èwe wọn. Wọ́n ní ètè yóò ti là, ewéko yóò ti gbẹ, ó ti lé ní oṣù méjì tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn, síbẹ̀ ẹ ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ó sì rí i pé odò ti gun òkè sí i, ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fà sórí iyanrìn. Àwọn ọmọdé a máa pariwo. Àwọn ọlọ́kọ̀ kì í pariwo ní tiwọn, nítorí pé wọ́n ti ń kà á: wọ́n mọ iye ọjà tí oṣù ṣì kù, wọ́n mọ ìgbà tí ọkọ̀ ńlá yóò lè kọjá láìfara kan òkúta.

Nínú àwọn Tápà, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Kede. Iṣẹ́ omi nìkan ni iṣẹ́ wọn láti ìran dé ìran, wọ́n sì ní olórí tiwọn tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Kuta. Àwọn ló ni ojú odò láti agbègbè wa títí lọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣòwò láti Kano àti Sokoto bá ń bọ̀ ní Ìlọrin àti ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n kó kán-ún àti ẹṣin wá, tàbí tí àwọn ti ìsàlẹ̀ bá ń gbé obì gòkè lọ, Raba, tí kò jìnnà sí Jẹ́bà, ni wọ́n ti ń sọdá, ọkọ̀ Tápà ló sì ń gbé wọn. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé wọ́n kó ẹrú kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí Richard Lander, òyìnbó arìnrìn-àjò, àti àbúrò rẹ̀ John gba ojú omi yìí kọjá ní 1830, wọ́n bá olórí àwọn ọlọ́kọ̀ kan pàdé ní Zagoshi, erékùṣù tó kọjú sí Raba, orúkọ tí wọ́n sì gbọ́ tí wọ́n ń pè é ni Ọba Omi Dúdú. Èmi kò mọ oyè mìíràn tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìtàn odò yìí.

Ìtàn Tápà fúnra rẹ̀ orí omi ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Tsoede, ẹni tí àwọn ọba wọn ń tọ ìran wọn lọ bá, ọmọ Atta, ọba Ígálà ní Idah, ni, àti pé ọkọ̀ idẹ ló wà gòkè odò nígbà tí àwọn ọbàkan rẹ̀ ń lépa rẹ̀. Wọ́n ní òun ló kó àwọn ère idẹ tó wà ní erékùṣù Jẹ́bà àti ní Tada wá. Tada wà ní ìsàlẹ̀ odò sí wa, ní apá ti Kwara. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ère náà ni ti ọkùnrin kan tó jókòó. Ó ga díẹ̀ ju ìdajì mítà lọ, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù ni wọ́n fi rọ ọ́, àwọn onímọ̀ sì rí ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ lára rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀m̀báyé ní Èkó ló wà báyìí. Ohun tí inú mi dùn sí jù nípa rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ Ifẹ̀, bí ó tilẹ̀ yẹ kí ìyẹn wú ọmọ Yorùbá lórí. Kí wọ́n tó gbé e lọ, àwọn ará Tada a máa gbé e lọ sí etí odò ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n a sì fi iyanrìn odò fọ̀ ọ́, kí aboyún lè bímọ, kí ẹja lè pọ̀. Ojú rẹ̀ ti dán, imú rẹ̀ ti jẹ, nítorí ìfọ̀ tí wọ́n fọ̀ ọ́ láti ọdún pípẹ́ wá. Mo gbà pé ojú omi ló gbé ère tó wúwo bẹ́ẹ̀ dé ibi tó dé. Ọ̀nà wo ni ì bá tún gbà?

Lórí òkè kan ní Jẹ́bà, òkúta ìrántí kan wà tí wọ́n kọ orúkọ Mungo Park àti ti Richard Lander sí, nítorí pé àwọn ni wọ́n fi hàn fún àwọn ará Yúróòpù ibi tí odò náà ń ṣàn lọ. Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà wa kó wa lọ síbẹ̀, a sì da orúkọ méjèèjì kọ sínú ìwé wa. N kò bínú sí òkúta náà. Park kú sínú omi ní Bussa ní 1806, Lander náà kò pẹ́ láyé, ó kú ní 1834. Ìwọ̀nba ni ẹni tí yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu báyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ Tápà kan tó jókòó tì mí ní kíláàsì béèrè lọ́wọ́ tíṣà ní ọjọ́ náà pé ta ló wa ọkọ̀ fún wọn. Tíṣà ní kí ó dákẹ́, kí ó kọ ohun tó wà lójú òkúta. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ìbéèrè náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọba ìlú kan ló ń fún wọn ní ọkọ̀ àti atukọ̀ tí yóò gbé wọn dé ìlú kejì, àwọn atukọ̀ náà ló mọ ibi tí òkúta wà, ibi tí omi ti ń yí po, ibi tí èèyàn lè sùn mọ́jú. Kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú wọn lórí òkè yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ Dayspring, nítorí pé Jẹ́bà gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Jẹ́bà ni kò sì mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni, ooru omi gbígbóná ló ń tì í, William Balfour Baikie sì ni olórí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ti gòkè odò kọjá Raba, wọ́n fẹ́ dé Bussa, ni omi bá gbé ọkọ̀ náà lu òkúta ní ẹ̀gbẹ́ Jẹ́bà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 1857, ó sì rì. Wọ́n pàgọ́ sí etí odò, ó sì tó nǹkan bí ọdún kan kí ọkọ̀ mìíràn tó wá kó wọn. Nínú àkókò náà ni John Glover, ọ̀kan nínú wọn, fi ẹsẹ̀ rìn láti Jẹ́bà gba ilẹ̀ Yorùbá dé Èkó. Òun náà ni ẹni tó wá di gómìnà Èkó lẹ́yìn náà, tí àwọn baba wa ń pè ní Ọba Gólóbà. Crowther ní tirẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí gírámà èdè Tápà ní 1864, ọdún kan náà tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mo ka ìtàn Dayspring tán, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ọ̀pá. Ọ̀pá ìtukọ̀ gígùn tí àwọn ọlọ́kọ̀ wa ń lò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ nìkan. Òun ni ojú wọn lábẹ́ omi. Ẹni tó bá dúró sórí ọkọ̀ yóò ti ọ̀pá sílẹ̀, yóò sì mọ̀ láti inú ọwọ́ rẹ̀ bóyá iyanrìn ni, tàbí ẹrẹ̀, tàbí òkúta, nítorí pé iyanrìn máa ń dún gẹ̀ẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ máa ń di ọ̀pá mú, òkúta a sì máa dá a padà. Kí ó tó fa ọ̀pá náà yọ, ó ti mọ ibi tí yóò gbà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ti òkèèrè wá ní agbára ju ogún ọkọ̀ Tápà lọ, ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ yẹn.

Ní 1909 ni ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 dé Jẹ́bà. Odò dá a dúró. Ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ ni wọ́n fi ń gbé àwọn wáágùnù rélùwéè sọdá títí di 1916, nígbà tí afárá parí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ọ̀nà irin tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń fi yangàn yìí, orí omi ló ti gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ̀ kí ó tó lè dé Kano. Nílé wa, ọ̀rọ̀ afárá yìí a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn òbí mi. Bàbá mi a ní bí kò bá sí afárá, kò ní sí Jẹ́bà. Màmá a dá wọn lóhùn pé, "Bàbá wọn, kí ni wọ́n wá ṣe afárá lé lórí?" Bàbá a rẹ́rìn-ín, wọn kò sì ní rí èsì fún un. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bàbá náà ní ìdí, nítorí pé láti ìgbà tí afárá ti wà, tí ọkọ̀ ilẹ̀ sì wá tẹ̀ lé rélùwéè, iṣẹ́ ìsọdá tó jẹ́ oúnjẹ àwọn ọlọ́kọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹja pípa, yanrìn kíkó, àti àwọn abúlé tí títì kò dé ló kù fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni dáàmù dé. Wọ́n parí ti Kainji ní 1968, ó sì lé ní 40,000 ènìyàn tí wọ́n ní láti ṣí kúrò nílé wọn. Bussa àtijọ́ níbi tí Park kú sí wà lábẹ́ adágún náà lónìí. Ti Jẹ́bà, èyí tó wà lókè ìlú wa gan-an, wọ́n ṣí i ní 1985. Mo rántí bí iná mànàmáná ṣe mọ́lẹ̀ lójú òpó, n kò sì ní sọ pé kò wúlò fún wa. Ṣùgbọ́n omi funfun àti omi dúdú tí mo sọ lókè, ìlànà wọn yí padà. Ìgbà tí odò bá kún àti ìgbà tó bá fà, ọwọ́ ẹni tó ń ṣí ìlẹ̀kùn dáàmù ló wà nísinsìnyí. Ọ̀rọ̀ kan wà létí odò tí gbogbo ènìyàn ń sọ láìsí àlàyé: "Wọ́n ti ṣí i." Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ kó ẹja yín kúrò nílẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, omi gòkè ní òru ó sì gbé ààrò méjì tí màmá fi ń yan ẹja lọ, pẹ̀lú àpò epìyà tó ti gbẹ. A fi tọ́ọ̀ṣì wá a títí ilẹ̀ fi mọ́, a kò rí ju irin ààrò kan lọ. Màmá kò sunkún. Wọ́n kàn ṣí ààrò sókè sí ìdí igi mángòrò, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun mìíràn tó bá dáàmù lọ ni àwọn ibi tí ẹja ń yé sí. Nígbà tí omi bá ń ya wọ àwọn àkùrọ̀ lọ́dọọdún, ibẹ̀ ni ẹja ń lọ yé ẹyin sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹja ti ń dàgbà kí omi tó fà. Bí omi kò bá ya mọ́ bó ṣe yẹ, ẹja a dín kù. Bàbá ọlọ́kọ̀ ní ẹja gíwán-rúwá tí òun ń rí lọ́dún yìí, inú àwọ̀n ni wọ́n ń dúró sí láìfa àwọ̀n ya. Ti àtijọ́, èèyàn méjì ló ń gbé ọ̀kan. Àwọn tó ń fi ìgèrè pẹja ti dín kù, nítorí pé ìgèrè nílò omi tó ń lọ tó ń bọ̀ ní àsìkò rẹ̀.

Síbẹ̀ etí odò náà kò dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo wà níbẹ̀, ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ pẹ̀lú èédú, òmíràn kó iṣu dé, ẹ̀kẹta gbé ọ̀kadà mẹ́rin àti àwọn tó ni wọ́n. Àwọn ọkùnrin tó ń kó yanrìn ń rì sínú omi pẹ̀lú garawa, wọ́n ń jáde, wọ́n ń dà á sínú ọkọ̀ títí etí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Àwọn obìnrin Tápà àti Yorùbá jókòó papọ̀ níbi ẹja, wọ́n ń ya àrọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ń ya epìyà sọ́tọ̀. Èdè Tápà ni wọ́n fi ń ka ẹja, Yorùbá ni wọ́n fi ń ka owó. Bí ó ti rí nígbà tí mo wà ní kékeré nìyẹn, n kò sì lè sọ ẹni tó dá àṣà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n màmá, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Kubwa báyìí, ṣì ń fi Tápà ka ata rodo tí mo bá rà bọ̀ láti ọjà: nini, guba, guta, guni, gutsun. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n lórí. Wọ́n rò pé èdè ata ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò kọjá. Ní oṣù Kẹfà 2023, ní agbègbè Pàtégì, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó àwọn tó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dojú dé ní òru, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú. Pàtégì kan náà ni wọ́n ti máa ń ṣe eré ìdíje ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò, nítorí náà kì í ṣe pé ìmọ̀ omi kò sí níbẹ̀. Èrò pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà, ilẹ̀ ti ṣú, igi kan sì wà nínú omi. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, bàbá ọlọ́kọ̀ gbé òòlù sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti jókòó. Wọ́n ní baba tó kọ́ àwọn níṣẹ́ kò jẹ́ kí àwọn jáde sórí omi lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ bí kò bá sí òṣùpá, kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ kúrò létí omi bí àyè tó kù láti etí ọkọ̀ dé ojú omi kò bá tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ pákó láti fi hàn mí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa ẹ́ńjìnnì lónìí, wọ́n ní, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́, wọn kò kọ́ omi. Èmi gbà pé ó yẹ kí gbogbo èrò ọkọ̀ ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mo tún gbà pé òfin àtẹ́lẹwọ́ yẹn yẹ kó wà ní kíkọ sára gbogbo èbúté láti Jẹ́bà dé Lọ́kọjá, ní Tápà, ní Hausa, ní Yorùbá, nítorí pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Mo ti mú ìwé kékeré kan wá. Mo ní kí bàbá dárúkọ apá kọ̀ọ̀kan lára ọkọ̀ fún mi ní Tápà, mo ń kọ ọ́, mo ń kọ ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí mo bá ti mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé àwọn ibi kan wà tí Yorùbá mi kò ní orúkọ fún: pákó tó tẹ̀ bí èékánná tí wọ́n fi ń gbá ọkọ̀ mú nínú, ihò tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kí omi lè máa ṣàn lọ sí ibi tí wọn yóò ti gbọ́n ọn, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan igi. Ọ̀gànwó ni wọ́n fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó ti jìnnà, ó sì ti wọ́n, nítorí náà wọ́n ń fi igi mìíràn dí i. Bàbá ní ọmọ mẹ́rin ni àwọn kọ́ níṣẹ́, ẹyọ kan ló kù létí omi. Ẹni tó kù náà ni ó ń kan páànù, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá gbàgbé orúkọ kan, òun ló rán wọn létí.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà sínú omi. Ó tó ọkùnrin mẹ́wàá tó tì í, àwọn kan lára àwọn tó ń kó yanrìn fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ wá ràn wọ́n lọ́wọ́, ọkọ̀ sì yọ́ kúrò lórí àwọn igi róbótó tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó wọ omi pẹ̀sẹ̀. Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Bàbá wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, wọ́n lóṣòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú òwú kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ẹni ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Wọ́n dúró lẹ́yìn àárín díẹ̀. Wọ́n fi ìka kan ibẹ̀, wọ́n gbé ìka náà sókè sí oòrùn, ó tutù. Wọ́n mú èédú láti inú àpò, wọ́n fa ìlà kékeré kan sí ojú pákó, wọ́n sì sọ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n fà á jáde. Àwọn ọkùnrin mẹ́wàá náà tún dì í mú, wọ́n fà á padà sórí iyanrìn, ọmọ náà sì lọ dáná sábẹ́ garawa ọ̀dà.